Detroit: Become Human, ẹ̀ẹ̀kejì: díìsì tó há, ọmọ iṣẹ́ tí kò lè pa ẹnu mọ́, àti ìyá mi

Géèmù ọdún 2018 ni. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn irú ẹ̀ ló ti ṣe é, wọ́n ti ta díìsì rẹ̀, wọ́n sì ti gbàgbé ẹ̀. Mi ò bá má kọ nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́ láyé mi, àfi bí ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣe jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú, tó ń fi àmàlà ìyá mi ṣe ara rẹ̀ lóore, tó wá la ẹnu bẹ́ẹ̀, tó tú àṣírí tó jẹ́ pé torí ẹ̀ nìkan ni mo ṣe padà náwó sórí géèmù náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe Detroit: Become Human, tó sì ń gbèrò àtiṣe é, kó yáa yà níbí, torí mi ò ní fi nǹkan kan bò.

Ti pé àwòrán ẹ̀ dán, ti pé ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu wọn tó sọ ọ́, ẹ ti gbọ́ ìyẹn níbi gbogbo. Ilé iṣẹ́ Quantic Dream ní Paris ló ṣe é, David Cage ló darí ẹ̀. Ọdún 2038 la wà nínú ìtàn, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn róbọ́ọ̀tì tó jọ èèyàn ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ojú títì, tí àwọn èèyàn sì ń bínú sí wọn torí iṣẹ́ ò sí mọ́. Mẹ́ta nínú wọn lo máa darí: Connor tó ń bá ọlọ́pàá wá àwọn róbọ́ọ̀tì tó ti kọ̀ láti gbọ́ràn, Markus tó di olórí ìjà òmìnira, àti Kara, ọmọ ọ̀dọ̀. Ohun tó o bá sọ, ohun tó o bá ṣe, ló ń yí ìtàn padà. Yàtọ̀ sí Connor, tí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò, ẹni tó bá kú nínú wọn ti kú nìyẹn. Ìtàn á máa lọ láìsí i.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é ní 2019, yàrá kan ni mo wà ní Agbowó, n'Ìbàdàn, èmi nìkan, íápíìsì ń bẹ létí mi. Ìtàn Kara ló mú mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Todd ló ni ín. Awakọ̀ takisí ni Todd tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ti fi í sílẹ̀. Ó wá ń mu oògùn olóró kan tí wọ́n ń pè ní Red Ice, ara ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Alice ló sì ń fi ìbínú ẹ̀ mọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Todd pàṣẹ fún Kara pé kò gbọdọ̀ mira, ó mú bẹ́líìtì, ó gun òkè lọ bá ọmọ náà. Bó o bá jẹ́ kí Kara gbọ́ràn, ọmọ á kú, ìtàn Kara á sì parí síbẹ̀. Bó o bá kọ̀, wàá fi páàdì tá a fi ń darí géèmù ya ògiri pupa kan tó jẹ́ pé Kara nìkan ló ń rí i, wàá gbé ọmọ sá jáde sínú òjò.

Mo gbé e sá. Mo gbé e sá títí dé inú ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí wọ́n ń pè ní Jericho, níbi tí àwọn róbọ́ọ̀tì fara pa mọ́ sí. Ibẹ̀ ni Kara ti rí ọmọbìnrin mìíràn tí ojú ẹ̀ ò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti Alice. Àṣé Alice pàápàá kì í ṣe èèyàn. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń wá ọmọ ni.

Mo ju páàdì sórí bẹ́ẹ̀dì. Jìbìtì gbáà! Gbogbo adùn ìtàn yẹn lójú mi ni pé ẹ̀rọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ọmọ èèyàn. Ẹ wá yọ ọmọ èèyàn kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Mo ṣe é parí tìbínú-tìbínú, mo ta díìsì náà fún aládùúgbò kan kí oṣù tó parí.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n padà sí i. Olóńjẹ ni wọ́n ní Mọ́kọ́lá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí orúnkún tó ní kí wọ́n jókòó sílé. Ní báyìí, ohun tí mo bá tàn sórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bá mi wò, fíìmù sì ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀. Wọ́n á ní, "Àkànní, má jẹ́ kí wọ́n pa á o," bí ẹni pé ọwọ́ mi ló wà. Nínú irú géèmù yìí, ọwọ́ mi náà ló wà lóòótọ́. Mo ní kí n fi Detroit hàn wọ́n, ìdí kan ṣoṣo ni mo sì ní: mo fẹ́ rí ojú wọn lọ́jọ́ tí àṣírí Alice bá tú. Ẹni tí kò mọ̀, tí kò ka nǹkan kan nípa ẹ̀ rí, tó sì fẹ́ràn ọmọ. Níbo lẹ ti máa rí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ lóde òní?

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ra díìsì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ pe ₦20,000, a ná an dé ₦17,000. Mo ní kí wọ́n fi sí ẹ̀rọ kí n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó ní kò sí iná. Bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lórí wa. Nígbà tó rí i pé mo gbójú sókè, ó ní ti ìnfátà nìyẹn, pé ìnfátà ò lè gbé tẹlifíṣọ̀n. Ó mú díìsì náà, ó fi etí ẹ̀wù ẹ̀ nù ún yípo yípo bí ẹni ń nu abọ́, ó dé e mọ́nú ike, ó ká owó ẹ̀ sápò.

Nílé, PS4, ẹ̀rọ géèmù mi, bẹ̀rẹ̀ sí í da géèmù sínú, ó kọjá ìdajì díẹ̀, ó dúró. Mo yọ díìsì, mo tún un fi sí i, ojú kan náà ló dúró sí. Mo gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ìlà kan rèé, tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí i po láti àárín dé etí.

Mo padà sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo díìsì náà. Ó na ìka sí ara ògiri níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Mo ní ọjà tó dáa ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yín ló níṣòro. Ẹ gbé e wá." Mo tún lọ gbé e. Mo gbé PS4 lé itan nínú máíkírà láti Sángo, èmi àti obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání, adìyẹ náà sì ń ṣa okùn báàgì mi jẹ títí a fi sọ̀. Ọ̀gá fi díìsì bọ́ọ̀lù tiẹ̀ sí ẹ̀rọ mi, ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. (Tẹlifíṣọ̀n tí ìnfátà ò lè gbé lánàá ti ń tàn o.) Mo ní, "Ẹ ò wá rí i?" Ó ní eruku ló wà nínú ẹ̀rọ, pé díìsì Detroit wúwo ju ti bọ́ọ̀lù lọ, ẹ̀rọ tó bá ní eruku ò lè gbé e. Ó ní kí n mú ₦3,000 wá kí òun bá mi fẹ́ ẹ.

Díìsì wúwo. Ẹ ń gbọ́ nǹkan? Díìsì wúwo!

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ iṣẹ́ wọn wà ní kọ̀rọ̀, ó ń tú páàdì kan palẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ mi tí mo jáde, ó sáré tẹ̀ lé mi dé etí títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo mọ díìsì yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ dá a padà. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín." Ó ń wẹ̀yìn wò bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dé sí Sángo pẹ̀lú òmíràn, ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ rekete. Ó ní òun ti bá ọ̀gá sọ ọ́, ọ̀gá sì ti gbà. Mi ò gbà á gbọ́, mi ò sì bi í. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó jókòó títí géèmù fi wọlé tán, tó fi ṣí, kó tó ní òun ń lọ. Ìyá mi ní kò lè lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n bu àmàlà fún un, gbẹ̀gìrì àti ewédú, wọ́n fi ṣàkì sí i.

Ká ní ọjọ́ yẹn ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni, gbogbo ìràwọ̀ tó wà lójú ọ̀run ni mi ò bá já fún un.

Ìyá mi bọ́ sínú ìtàn kíá. Lálẹ́ tí Kara àti Alice sá jáde, géèmù ní kó o wá ibi tí wọ́n á sùn. Ilé ìfọṣọ kan wà níbẹ̀ tó o ti lè jí aṣọ gbígbẹ, ṣọ́ọ̀bù kan sì wà tó o ti lè jí owó ilé ìtura. Ìyá mi ní kí n mú aṣọ. Mo ní, "Ṣé olè kọ́ nìyẹn?" Wọ́n ní, "Òtútù ń pa ọmọ, ìwọ ń sọ ti olè." Mo ní kí n wá mú owó náà kún un, wọ́n ní rárá o, ìyẹn ti di olè. Báwọn ṣe pín in nìyẹn. Torí a ò lówó, ilé ahoro kan la sùn, lọ́dọ̀ Ralph, róbọ́ọ̀tì tí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ kan ti bàjẹ́, tó ń mú ọ̀bẹ kiri. Ralph sun ẹran kan tó jóná kọjá bó ṣe yẹ, ó ní dandan ni kí Alice jẹ ẹ́, torí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Alice ò jẹ ẹ́. Mo rí ìyá mi tí wọ́n mi orí. Mo rò pé ẹran jíjóná ló ń dun olóńjẹ.

Iná lọ níbi tí Connor ti wọlé wá wọn gan-an. Nígbà tí iná dé, géèmù dá wa padà sí ibi tí kò jìnnà. Ó ń tọ́jú ibi tó o bá dé láìjẹ́ pé o sọ fún un. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn á mọ iyì ìyẹn.

Apá ti Connor àti Hank ṣì ni ọba gbogbo ẹ̀. Hank jẹ́ ọlọ́pàá àgbà, ọ̀mùtí, ọmọ ẹ̀ kú lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀, kò sì fẹ́ rí róbọ́ọ̀tì sójú. Clancy Brown ló fi ohùn àti ara ṣe é, ohùn yẹn nìkan tó wò. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí Connor tó mọ Hank rárá, róbọ́ọ̀tì kan gbé ọmọdé dúró létí òrùlé pẹ̀lú ìbọn, gbogbo nǹkan ń lọ ní kíákíá, ẹja kékeré kan sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń jà fitafita nínú omi tó dà sílẹ̀. O lè dúró gbé e padà sínú omi. Kò sẹ́ni tó ní kó o ṣe é. Bó o bá ṣe é, géèmù á kàn kọ ọ́ sí igun kan pé nǹkan kan ti ń mì nínú Connor. Irú ìyẹn ni mo fẹ́ nínú géèmù tó bá ní òun fẹ́ kí n yàn.

Ti Markus ńkọ́? Markus ni ìyá mi fi ń sùn. Wọ́n gbé ìtàn àwọn dúdú Amẹ́ríkà lé róbọ́ọ̀tì lórí ní pátápátá, róbọ́ọ̀tì lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, róbọ́ọ̀tì nínú ìwọ́de, wọ́n wá ń ṣe bí ẹni pé a ò ní mọ ibi tí wọ́n ti kó o. Àlàáfíà tàbí ogun ni ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀ kó má baà ṣì ọ́. Kò sí ẹja nílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ iṣẹ́ tún dé. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá díìsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe díìsì. Ìyá mi bu oúnjẹ fún un. A ti dé ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ti pa tì, níbi tí àwọn róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń jẹ́ Jerry ti gbé Alice gun ẹṣin tó ń yí po. Luther, róbọ́ọ̀tì sìgbọnlẹ̀ tó ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún Kara nípa ọmọ náà, kò rí i sọ parí. Mo ti ń yọ́ ojú ìyá mi wò. Ó ku díẹ̀, mo ní sínú, ó ku díẹ̀.

Ọmọ yẹn gbé òkèlè mì. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn gan-an kì í ṣe èèyàn? Róbọ́ọ̀tì lòun náà."

Mo dá géèmù dúró. Mo wò ó. Mo wo àwo iwájú ẹ̀, ọwọ́ fẹ́ yún mi lọ gbà á. ₦17,000. Adìyẹ inú máíkírà. Díìsì tó wúwo. Gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi dà á nù, ewédú ṣì wà létí ẹnu ẹ̀.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nínú tíréè. Wọn ò gbójú sókè. "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin mọ̀?"

"Ọmọ tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu látìgbà tá a ti ń wò ó? Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nílé bàbá ẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ti ẹlẹ́ran jíjóná, kò jẹ ẹ́. Oúnjẹ ni mo tà, Àkànní. Mo mọ ọmọ tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó jẹun, mo mọ èyí tí àìsàn ò jẹ́ kó jẹun. Eléyìí ò sí nínú méjèèjì."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń pariwo pé kí n wá aṣọ gbígbẹ fún un?"

"Ṣé torí ìyẹn ni òtútù ò ṣe ní mú un?" Wọ́n yọ òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sápá kan. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ jẹun ẹ̀, kí àmàlà má tutù.

Àwọn tó ṣe géèmù yìí kó gbogbo okun wọn lé àṣírí yẹn. Nígbà tó bá tú ní Jericho, géèmù á dá ọ dúró, á ní kó o yàn: ṣé kí Kara gbá ọmọ náà mọ́ra, àbí kó fà sẹ́yìn? Nígbà tá a débẹ̀, ìyá mi bínú gidi. "Kí ló ń bi ọ́ sí? Ta ló ń bi ìyá ní irú ẹ̀?" Òun ni mo fi ń sọ pé ibẹ̀ ni Detroit ti ṣubú lulẹ̀ gbà-à. Láti alẹ́ òjò yẹn ni wọ́n ti ń fi hàn wá pé Kara ti di ìyá ọmọ; nígbà tó kan kí wọ́n gba ara wọn gbọ́, wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ mi. Olóńjẹ Mọ́kọ́lá ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Ó sì dun èèyàn, torí Valorie Curry ṣe Kara débi tí mi ò lè ṣàlàyé. Ní àṣetúnṣe, ojú ẹ̀ ni mo ń wò jù. Òun náà ló ṣe Kara nínú fídíò kékeré tí ilé iṣẹ́ yẹn gbé jáde ní 2012 láti fi ohun tí ẹ̀rọ géèmù PS3 lè ṣe hàn: wọ́n ń to róbọ́ọ̀tì kan pọ̀, ó ní òun wà láàyè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ara fídíò yẹn ni Detroit ti jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ti sọ gbogbo ohun tí Markus fi gbogbo wákàtí ẹ̀ pariwo.

Nǹkan mìíràn tó ń bí mi nínú ni igi tí wọ́n ń yà sójú lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀ ọ́n: gbogbo ẹ̀ka ohun tó o yàn, àwọn èyí tó o fi sílẹ̀ tí wọ́n tì pa, àti ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe géèmù náà káàkiri ayé ló ṣe bíi tìẹ. Èèyàn ṣì ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ti gbé èsì ìdánwò jáde. Ìyá mi ní kí ni igi yìí, mo ṣàlàyé, wọ́n ní, "Kí ló kàn wá nínú tiwọn?" Látìgbà yẹn, bó bá ti yọ, mo ti ré e kọjá.

Ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ yẹn! Nítòsí ìparí, Kara àti Alice fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì sá lọ sí Kánádà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Tọkọtaya kan tó gbé ọmọ ọwọ́ wá sọ tiwọn nù, Kara sì rí i. Ní 2019, mo kó o sápò, a wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó fọwọ́ kan páàdì, ìyá mi ní, "Dá a padà."

"Màmá, a ò ní rí ọkọ̀ mọ́ o."

"Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé. Dá a padà."

Mo dá a padà. Odò la wá gbà. Wọ́n yìnbọn lé ọkọ̀ wa lórí omi lóru, kì í ṣe gbogbo wa la gúnlẹ̀. Géèmù ò san oore yẹn fún wa rárá, kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó rí i, ìyẹn sì ni ohun tó ṣe tó dáa jù lọ lójú tèmi. Ó gbà ọ́ láyè láti padà sẹ́yìn kó o tún un yàn. Mo bi ìyá mi pé ṣé ká padà. Wọ́n ní ká padà lọ ṣe kí ni, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì wa ni?

Àwọn yòókù ò pọ̀. Gbígbọn páàdì àti fífi ìka ra ojú ẹ̀ ti sú mi ní 2019, ó tún sú mi sí i pẹ̀lú páàdì tó ti gbó. Èèyàn kan kú lọ́wọ́ mi torí bọ́tìnnì tó ń há. Chloe, róbọ́ọ̀tì tó máa ń kí ọ níbi tó o ti ń bẹ̀rẹ̀ géèmù, ní òun fẹ́ máa lọ nígbà tá a parí. Ìyá mi ní kí n jẹ́ kó lọ, mo jẹ́ kó lọ.

Géèmù: 6 nínú 10. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́ 6 lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Ọlá Markus ni.

Ṣọ́ọ̀bù: ìràwọ̀ kan. Ọmọ iṣẹ́ wọn: ìràwọ̀ mẹ́rin, ó ti fi àmàlà jẹ ìkarùn-ún. Ó ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi ló ní kó máa bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra díìsì àlòkù ní Dùgbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sójú oòrùn kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ wo fáànù.